Ẹ̀rọ kìlógíráàmù 487 tó di 62

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí ẹnjiníà tó gbéṣẹ́ fún mi pè. Kò tiẹ̀ kí mi tán. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ yín yìí, ṣé páálí lẹ fi ṣe é ni?" Mo ní kí ló dé. Ó ní fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ ń sọ pé gbogbo ẹ̀rọ náà, àtòun férémù, àtòun àpótí gíà, kò ju kìlógíráàmù 62 lọ, òun sì ti fẹ́ẹ́ fi iye yẹn yan ìkọ́ tí wọ́n máa fi gbé e sókè. Èmi tí mo yà á mọ̀ pé 487 ni. Ọkàn mi já. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó pè. Ká ní kò bèèrè ńkọ́?

Sọ́fúwíà tí mo fi ya ẹ̀rọ náà lórí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ èrò mi lé lórí. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń yàwòrán, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Bọ́tìnnì kan péré ni mo bá wá: èyí tó ń sọ assembly (àwòrán tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tò pọ̀) di part (àwòrán ẹyọ ẹ̀yà) kan ṣoṣo. Ẹ̀yà 412 ló wà nínú ẹ̀rọ mi. Oníbàárà kò nílò gbogbo bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Ibi tí ẹ̀rọ náà máa jókòó sí nínú àwòrán ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wá. Èmi náà kò fẹ́ kó rí bí mo ṣe to gíà inú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni oúnjẹ mi wà. Mo bá tẹ bọ́tìnnì. N kò tíì bu omi mu tán tó fi parí. Fáìlì tó jẹ́ 380 MB di 64 MB, ó wá ń yí lójú kọ̀ǹpútà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ká ní ẹ ní kí n fún un ní ìràwọ̀ mẹ́wàá nínú márùn-ún, mi ò bá fún un.

Lẹ́yìn ìpè yẹn ni mo pín 487 sí ọ̀nà 62. Ó fún mi ní 7.85. Ẹni tó bá ń fi irin ṣiṣẹ́ ti mọ nọ́ńbà yẹn bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀: kìlógíráàmù 7,850 ni irin máa ń wọ̀n nínú àyè mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní gíga. Omi máa ń wọ̀n 1,000. Ìyẹn ni pé nígbà tí sọ́fúwíà yìí kó ẹ̀yà mi pọ̀, ó yọ irin kúrò lára gbogbo wọn, ó sì gbà pé omi ni mo fi ṣe ẹ̀rọ. Kò sọ fún mi. Kò pa bẹ́ẹ̀lì, kò fi àmì pupa kankan hàn.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè oníbàárà ní ilé iṣẹ́ tó ṣe sọ́fúwíà náà. Rọ́bọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ó ní kí n ka ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ tí mo ti kà. Arákùnrin kan wá gba ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí n yọ sọ́fúwíà náà kúrò kí n tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣe é. Odidi ọ̀sán kan ló gbà mí. 62. Mo ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà mi ránṣẹ́ sí i, mo fi ìlà pupa yí ìwúwo náà ká. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá ní, ẹ gbọ́ o, kí n yọ ọ́ kúrò kí n tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo kọ padà sí i, n kò lè kọ ọ́ síbí.

Bóyá ìwé yẹn ló bà wọ́n lẹ́rù, nítorí lọ́jọ́ kẹta, arábìnrin kan pè mí, ó ní kí n jẹ́ kí òun máa wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ìwúwo rárá. Ó ní, "Ẹ tún un ṣe lójú mi, ṣùgbọ́n tí àpótí kékeré yẹn bá yọ, ẹ má tíì tẹ OK o. Ẹ kà á sókè fún mi." Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ojú ìta nìkan, ẹ̀yà tó hàn lóde nìkan, gbogbo ẹ̀yà. Gbogbo ẹ̀yà ni mo máa ń yàn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní kí n la part náà sí méjì, kí n wo inú rẹ̀.

Mo là á. Gíà mi rèé, eyín kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kedere bí ojú ọjọ́. Ohun tí mo rò pé mo fi pamọ́, èmi fúnra mi ni mo dì í fún oníbàárà.

Bí inú tó ń bí mi ṣe di ìtìjú nìyẹn. Arábìnrin yìí kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ojú ìta nìkan máa fún mi ní awọ lásán, tí kò ní ìwúwo kankan, torí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀yà tó hàn lóde ni kí n yàn, kí n dí ihò inú rẹ̀ pa, kí n wá padà sínú assembly, kí n kọ ìwúwo àti ibi tí àárín gbùngbùn ìwúwo náà wà sílẹ̀, kí n sì fi ọwọ́ tẹ méjèèjì sínú part tuntun. Pátákó irin méjì inú àwòrán mi tó kọ̀ láti lẹ̀ pọ̀ láti oṣù tó kọjá náà, òun ló rí i: etí lásán ni wọ́n fi kanra, àwòrán tó nípọn kò sì lè dúró lórí ìlà kan ṣoṣo. Ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀kan wọnú èkejì díẹ̀. Ó lẹ̀.

Mo wá bi í léèrè: kí ló dé tí sọ́fúwíà yín kò lè sọ fún èèyàn pé òun ti yọ irin kúrò? Ó mí kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, sà. Màá bá yín kọ ọ́ sílẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé ẹ̀dà tuntun sọ́fúwíà náà jáde látìgbà náà. Wọ́n ti pààrọ̀ àwọ̀ àwọn bọ́tìnnì.

Ẹ tún rántí pé part yìí kì í mọ̀ bí ẹ bá ti yí assembly padà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi jìyà ìyẹn, mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Àná ni mo tún sọ assembly ẹ̀yà 90 di ọ̀kan. Ó ní kìlógíráàmù 11 ni. Mo tẹ 86 sí i.