Wọ́n gbé àga fún ìyá mi: àgbéyẹ̀wò Dulwich Hamlet, Champion Hill

Wọ́n gbé àga fún ìyá mi. Ohun tó mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Màámi wá kí wa láti Òṣogbo. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kì í lè dúró pẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní dandan, ìyá àgbà òun gbọ́dọ̀ wo bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó padà sílé. Pápá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá Lọ́ńdọ̀nù ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ, n kò ní dárúkọ wọn. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni a kọ́kọ́ san, ká tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa retí bóyá tíkẹ́ẹ̀tì á kàn wá. Ó kàn wá. Ẹnu géètì la dé, tíkẹ́ẹ̀tì Màámi kò ṣiṣẹ́ lórí fóònù mi. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní ká bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa wá ibi tí àgbàlagbà lè fìdí lé, ó ní iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Ó wo inú báàgì wọn, ó rí fúláàsì ògì, ó ní kò gbọdọ̀ wọlé. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti jù ú sínú garawa pàǹtí lójú wọn. Màámi kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a óò fi wọlé, wọ́n ti gbá góòlù àkọ́kọ́. Bàbá mi tó ti dolóògbé ló ra fúláàsì yẹn. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ẹran ní Rye Lane ló gbọ́, ló ní kí n gbé wọn lọ sí Dulwich Hamlet, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí pápá wọn ń jẹ́ Champion Hill. Láti Peckham, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn ín. A gba òpópónà Edgar Kail Way wọlé ní ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì rí i bí Màámi ṣe ń tẹ̀pá. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," pẹ̀lú ohùn ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fọwọ́ kanlẹ̀. Màámi dúró gbọn-in. "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó ní ará Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá òun. Kíá ni Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ki í, ọmọ Alárè, tèrò tí ń bẹ lẹ́yìn wa ń wò, kò sẹ́ni tó pariwo pé ká sún. Ó bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí rédíò, obìnrin kan gbé àga alápá jáde, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ irin tó yí pápá ká, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní dí wọn lójú. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó wà nínú fúláàsì tuntun tí mo rà.

Èyí tó pa mí lẹ́kún wá ku ẹ̀yìn. Níbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó ń dúró lẹ́yìn góòlù máa ń kó lọ sí òdìkejì pápá nígbà ìsinmi, kí wọ́n lè wà lẹ́yìn góòlù tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí. Ọmọ yẹn padà wá, ó ní, "Grandma, ṣé ẹ máa bá wọn lọ?" Màámi ní àwọn á lọ. Ó gbé àga náà kọ́ èjìká, ó ń lọ níwájú, Màámi ń tẹ̀ lé e láàárín àwọn tó wọ ìborùn pínkì àti búlúù, wọ́n ń kọrin Edgar Kail. Kail yìí ló gbá góòlù méjì fún England nígbà tí wọ́n na France ní 1929, tó ṣì jẹ́ ọmọ Hamlet tí kì í gbowó fún bọ́ọ̀lù.

Owó tí èmi, Màámi àti ọmọ mi san kò tó tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ ẹnìkan ní ibi àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ Premier League méje ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní sáà 2022/23, Crystal Palace sì wà nítòsí. Báwo ni ẹgbẹ́ kékeré ṣe ń rí èrò? Òfin wà ní England pé wọn kì í fi bọ́ọ̀lù tààrà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láàárín ago mẹ́ta kù ìṣẹ́jú 15 sí ago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 ní Sátidé, àkókò tiwọn nìyẹn. Láti 2010 ni Non-League Day, ọjọ́ àwọn ẹgbẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ líìgì ńlá, ti wà, níbi tí wọ́n ti ń lo ọ̀sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń sinmi fún ìdíje orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń mu bíà náà lè mu ún lọ́wọ́ bó ṣe ń wòran, èyí tí òfin 1985 kò gbà fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìwà tí wọ́n hù sí ìyá mi ju gbogbo ìyẹn lọ.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó dùn mí láti sọ. Ẹgbẹ́ tó gba ife àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kì í gbowó ní 1920, 1932, 1934 àti 1937 já wálẹ̀ sí líìgì Isthmian, ìpele tó rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n wà, ní 2023. Lọ́jọ́ tí a lọ, bọ́ọ̀lù ń fò sókè bí ẹyẹ, ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọmọ mi bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe máa ń gbá a ni. Ó sì ń bí mi nínú pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti jẹ wọ́n níyà. Ní 2018, àwọn tó ni ilẹ̀ lé wọn kúrò ní Champion Hill, wọ́n sì ti fi orúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin bí ohun ìní tiwọn. Orí pápá ẹgbẹ́ mìíràn, Tooting and Mitcham, ni Hamlet ti gòkè sí líìgì tó ga sí i lọ́dún náà, lẹ́yìn pẹnáritì, wọn ò sì padà sílé títí di Oṣù Kejìlá. Èèyàn tó ń gbé Peckham, tó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, yẹ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ kí ilẹ̀ yẹn má baà di ilé gbígbé.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Bọ́ọ̀lù ló gba méjì yòókù lọ́wọ́ wọn. Màámi ní márùn-ún ni kí n kọ.