Kind of Blue: Ṣé Àwo Àtijọ́ Ni Kí Ẹ Rà, àbí Síídì Tí Wọ́n Tún Ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ ra Kind of Blue, àwo jáàsì tí Miles Davis gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1959, lè ra àwo ńlá àtijọ́, ó sì lè ra síídì tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1997. Méjèèjì wà nílé mi.

Ọ̀rọ̀ ohùn ló ná mi lówó. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1959, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí ilé iṣẹ́ Columbia ti sọ di ibi ìgbohùnsílẹ̀ nílùú New York, ẹ̀rọ téèpù tí wọ́n fi gba orin mẹ́ta ojú kìíní ń falẹ̀ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fura. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń sáré bó ti yẹ wá ń gbé e jáde, orin náà yára, ohùn rẹ̀ sì ga ju bí wọ́n ti kọ ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tà á fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Èmi kò mọ̀. Mo jókòó ti dùùrù mi, mo gbé abẹ́rẹ́ lé So What, orin àkọ́kọ́ ojú kìíní, níbi tí báàsì Paul Chambers ti ń lé tí àwọn yòókù ń gbè é, mo sì tẹ ohùn D kí n lè bá wọn gbè. Ohùn tó ń ti inú àwo bọ̀ ti kọjá D, kò sì tíì dé E-flat, ohùn tó tẹ̀ lé e lórí dùùrù. Mo ní dùùrù mi ló bàjẹ́. Mo ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún un ṣe, ó lo ọ̀sán gbáko nídìí rẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Ibi tí a wà náà la ṣì wà. Ẹni tó ta àwo yẹn fún mi, tó búra pé kò sí èyí tó tó ti àtijọ́, kò sọ ohun tó jọ ọ́.

Téèpù ẹ̀rọ kejì, tó ń sáré dáadáa lọ́jọ́ náà, ni wọ́n fi ṣe síídì 1997. Bí mo ti fi í sí i, D tèmi àti ti Chambers di ọ̀kan.

Ti páálí, àwo ńlá ló lẹ́wà. Àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣi orúkọ Adderley, ọ̀kan lára àwọn tó fun sasofóònù nínú orin náà, kọ sí, sì wọ́n gan-an. Síídì kò wọ́n, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń ha á, ó sì ní orin Flamenco Sketches lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn méjèèjì ló níyì. Ẹni tó ń kó ohun àtijọ́ jọ, tí kò sì ní dùùrù nílé, kò ní kábàámọ̀ àwo ńlá. Tèmi wà nínú férémù lára ògiri; síídì ló wà nínú ẹ̀rọ.