Fántásì fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀: Ìwé Ta Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Bí ẹnìkan bá sọ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka fántásì, ìyẹn ìtàn àtinúdá tó kún fún idán, ìwé tó lókìkí jù ni wọ́n sábà máa ń tì sí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pa ìwé dé kí wọ́n tó ka ojú ewé 100, tí wọ́n á ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò bá àwọn lára mu. Lójú tèmi, òǹkọ̀wé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló fà á. Òkìkí kò sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ìwé bóyá ìtàn náà ti parí, bóyá apá kìíní ní ìparí tirẹ̀, àti irú sùúrù tí òǹkọ̀wé náà máa béèrè. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni mo fi gbé àwọn òǹkọ̀wé yìí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Tolkien àti Le Guin

Ọ̀nà tí J.R.R. Tolkien là ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fántásì ṣì ń tọ̀ títí dòní. The Hobbit jáde lọ́dún 1937, The Lord of the Rings sì jáde láàárín ọdún 1954 sí 1955. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín èyí tó kẹ́yìn yìí sí, àmọ́ ìtàn kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá ra apá kìíní nìkan, ojú ọ̀nà ni ìtàn máa já a sí. Kò sì kánjú rárá: lẹ́yìn ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Bilbo tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, nǹkan bí ọdún 17 kọjá kí Gandalf onídán tó la ọ̀rọ̀ òrùka idán tí ìtàn náà dá lé yé Frodo, ọmọ tí Bilbo gbà tọ́, oṣù mélòó kan sì tún kọjá lórí ìyẹn kí Frodo tó fi ilé sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn orin, orúkọ odò, orúkọ òkè àti ìtàn àwọn ọba àtijọ́ máa gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Ẹni tó fẹ́ kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ kíákíá, ó máa tètè sú u. Bí Tolkien bá ṣáà ni ọkàn yín fà sí, The Hobbit ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ó kúrú, ó sì parí síbi tó yẹ.

Ursula K. Le Guin gbé A Wizard of Earthsea jáde lọ́dún 1968. Ìwé tín-ínrín ni. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan gbọ́ ọfọ̀ tí arábìnrin ìyá rẹ̀ fi pe ewúrẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó da ẹran lọ jẹ̀, ó pe ọfọ̀ kan náà láìmọ ohun tó ń sọ. Gbogbo ewúrẹ́ náà rọ́ wá, wọ́n yí i ká, wọ́n fún un mọ́ àárín, wọ́n sì ń wò ó ṣùn-ùn. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó sáré lọ sí abúlé, ewúrẹ́ ń bá a sáré lọ, torí kò mọ ọfọ̀ tí wọ́n fi ń tú wọn sílẹ̀. Ìtàn ewúrẹ́ yìí kò ju ojú ewé kan sí méjì lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìwé náà dá lé ti wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ orúkọ tòótọ́ nǹkan ló ní agbára lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì pe ohun tí apá rẹ̀ kò ká, òun náà ni yóò wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yìí dàgbà tán, ohun tó burú ju ewúrẹ́ lọ ló pè.

Ìwé mẹ́fà ni Le Guin kọ sínú ọ̀wọ́ yìí, ìkẹfà sì jáde lọ́dún 2001. Apá kìíní parí pátápátá, ẹ lè dúró síbẹ̀ kí ọkàn yín sì balẹ̀. Ayé tí Tolkien dá gbòòrò ju tirẹ̀ lọ, n kò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìwé kan ṣoṣo ni owó yín ká, A Wizard of Earthsea ni kí ẹ rà.

Sanderson àti Jordan

Àwọn méjèèjì yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ìtàn gígùn, ogun, àti idán tó ní òfin. Lọ́wọ́ Brandon Sanderson, òfin idán náà ṣe kedere débi pé òǹkàwé lè fi ṣe ìṣirò. Nínú Mistborn, àwọn kan lè gbé ẹ̀rún irin mì kí wọ́n sì sọ ọ́ di agbára. Vin, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, á ju owó ẹyọ sílẹ̀, á wá fi agbára yẹn tì í. Bí owó náà bá ti kanlẹ̀ tí kò rí ibi lọ mọ́, Vin fúnra rẹ̀ ni yóò fò sókè. Bí ó bá sì ti ohun tó wúwo jù ú lọ, òun ni yóò já sẹ́yìn. Nígbà tí ìjà bá wá bẹ́, ẹ ti mọ ohun tó ṣeé ṣe àti ohun tí kò ṣeé ṣe, ẹ ó sì máa bá Vin ronú ọ̀nà àbáyọ. Èdè rẹ̀ rọrùn. Kò ní adùn èdè Le Guin, ẹ kò ní rí gbólóhùn tí ẹ máa fẹ́ há sórí, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò ní jẹ́ kí ẹ sùn. Ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde láàárín 2006 sí 2008, ìtàn wọn sì parí.

The Wheel of Time ti Robert Jordan jẹ́ ìwé 14, yàtọ̀ sí èyí tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú wọn. Ọdún 1990 ni apá kìíní jáde. Jordan kú lọ́dún 2007 láì parí rẹ̀, Sanderson yìí kan náà ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún. Òun ló kọ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 2013. Nǹkan ńlá ni ọ̀wọ́ náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ láàárín apá keje sí ìkẹwàá, ìtàn náà ń wọ́ bí ìgbín. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá fántásì bá òun lára mu kò gbọ́dọ̀ fi í bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra Mistborn. Ìkìlọ̀ kan lórí Sanderson náà: The Way of Kings ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ìwé tó ki pọ́pọ́ tó sì jẹ́ apá kìíní nínú mẹ́wàá tí òǹkọ̀wé náà fẹ́ kọ. Márùn-ún ló ti jáde. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọ̀la.

Martin àti Hobb

Ọ̀rọ̀ ààfin, ọ̀tẹ̀ àti ọmọ àlè ni àwọn méjèèjì ń sọ. George R.R. Martin bẹ̀rẹ̀ A Song of Ice and Fire lọ́dún 1996. Ojú ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi ń wo ìtàn náà láti orí kan sí òmíràn, kò sì sí ẹni tí kò lè kú. Ìwà ipá inú rẹ̀ le, kì í ṣe fún ọmọdé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé apá karùn-ún jáde lọ́dún 2011, a ṣì ń retí ìkẹfà nínú méje tó ṣèlérí. Bí ìtàn tí kò parí bá máa ń bà yín nínú jẹ́, ẹ má rà á báyìí. Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa The Name of the Wind ti Patrick Rothfuss: apá kejì jáde lọ́dún 2011, ìkẹta kò tíì dé.

Robin Hobb ni ẹni tí mo máa fi rọ́pò wọn. Assassin's Apprentice jáde lọ́dún 1995, méjì tó tẹ̀ lé e sì dé ní 1996 àti 1997. Fitz, ọmọ àlè ọmọ ọba, ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ látẹnu àgbàlagbà: bí wọ́n ṣe mú un wá sí ààfin, bí olùtọ́jú ẹṣin ṣe tọ́ ọ dàgbà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀ láti máa pa ènìyàn fún ọba. Ogun kò pọ̀ bíi ti Martin. Ohun tí ẹ máa rí ni ìfẹ́ láàárín ọmọ àti ajá, ìtìjú, ìdúróṣinṣin, àti ìyà tó ń dunni dé egungun. Ó ń rọra rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ràn Fitz kò ní lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

Àwọn mìíràn, ní ṣókí

Terry Pratchett kọ ìwé 41 nínú ọ̀wọ́ Discworld, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá dúró. Ẹ má tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe jáde; ẹ fi Guards! Guards! tàbí Mort bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín.

N.K. Jemisin gba àmì ẹ̀yẹ Hugo lọ́dún mẹ́ta léraléra, 2016 sí 2018, fún ìwé mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Fifth Season. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ìgbékalẹ̀ rẹ̀ lọ́jú pọ̀. Ẹ fi ṣe ìwé kejì tí ẹ máa rà.

Ìwé mẹ́ta ti Tomi Adeyemi, láti orí Children of Blood and Bone (2018), parí lọ́dún 2024. Ó yára, ọ̀dọ́ ló kọ ọ́ fún, èdè Yorùbá sì ni àwọn onídán inú rẹ̀ fi ń pe ọfọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbogbo rẹ̀ lédè Yorùbá kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ọdún kan péré lẹ́yìn The Hobbit, lọ́dún 1938, ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde.

Kí ẹ tó sanwó

Wọ́n máa ń pín àwọn ìwé tó ki jù sí méjì nínú ẹ̀dà ẹlẹ́yìn rírọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe The Way of Kings àti A Storm of Swords ti Martin. Ẹni tí kò bá wo ara ìwé dáadáa lè ra ìdajì. Northern Lights ti Philip Pullman àti The Golden Compass, ìwé kan náà ni. Orúkọ kejì ni wọ́n fi tà á ní Amẹ́ríkà. Ní ti Narnia, ọ̀wọ́ ìwé C.S. Lewis, ọ̀pọ̀ páálí òde òní tí wọ́n kó gbogbo ìwé ọ̀wọ́ náà sí fi The Magician's Nephew ṣe nọ́ńbà kìíní, bẹ́ẹ̀ The Lion, the Witch and the Wardrobe ló kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1950, òun náà sì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Ẹ má ra odindi páálí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra apá kìíní, kí ẹ kà á tán. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí èèpo ẹ̀yìn gbogbo wọn bára mu lórí pẹpẹ, ẹ kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé àti ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà yín sílẹ̀ kí ẹ tó lọ ra ìkejì.