Ṣé ká dá driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì àwòrán) padà sí ti àtijọ́ ni, àbí ká yọ ọ́ kúrò pátápátá?

Bí ilà aláwọ̀ ewé bá ń sá kọjá lójú géèmù lórí laptop tuntun, driver káàdì àwòrán ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Dídá a padà yá: Device Manager, Display adapters, Properties, Driver, lẹ́yìn náà Roll Back Driver. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn update ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí laptop tuntun, bọ́tìnnì yẹn sábà máa ń ṣú, kò ní ṣeé tẹ̀, torí kò sí driver àtijọ́ kankan nílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọ̀nà kejì gidigidi. Ẹ gba driver sílẹ̀ láti ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop náà, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì kí Windows má baà ti tirẹ̀ wọlé, ẹ wọ Safe Mode (ipò tí Windows ti ń ṣí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó pọn dandan), kí ẹ fi DDU (Display Driver Uninstaller, ètò tó ń yọ driver kúrò) gbá èyí tó wà níbẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ sí i. Ó ń gba àkókò, àmọ́ ó ń kó àjẹkù fáìlì tí yíyọ lásán máa ń fi sílẹ̀. Káàdì méjì ló sì sábà máa ń wà nínú laptop géèmù, bíi ti Intel àti ti NVIDIA. Ẹ má gbàgbé ọ̀kan.

Bí ilà náà bá hàn nínú BIOS (ojú ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀) pàápàá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ driver mọ́. Ẹ dá laptop náà padà kí wárántì tó parí.