Labalábá tó ń há nínú Peugeot 205 GTI mi: iṣẹ́ tí bàbá oníléètì kan (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) ṣe fún mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Orí afárá Àjàṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti dójú ẹ̀. Mo ń ti Kutọnu bọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà eré, ọkọ̀ kò dẹwọ́ eré. Ẹ́ńjìnnì ń ké ṣáá, sẹmíján (ọ̀kadà) kan sì wà níwájú mi tó gbé ìyá kan pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, mo yọ jíà, mo tẹ bíréèkì, ìgbà yẹn ni mo tó yí kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Díẹ̀ ni mo ní o. Ẹni tó bá fa kọ́kọ́rọ́ jáde lórí eré, sìtíárì á há mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ́ńjìnnì lítà 1.9 ló wà nínú ọkọ̀ mi, irú èyí tí Peugeot gbé jáde ní 1986, alágbára ẹṣin 130. Ọkọ̀ náà kò ju nǹkan bíi kílò 900 lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fò bí ẹtu. Kò sí kọ̀ǹpútà láàárín pẹ́dà àti ẹ́ńjìnnì, wáyà irin lásán ló so wọ́n pọ̀. Wáyà yìí ló ń fa ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní papillon, ìyẹn labalábá: àwo idẹ róbótó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ihò álúmí. Tẹ pẹ́dà, ó ṣí, atẹ́gùn wọlé. Gbé ẹsẹ̀, sípíríǹgì dá a padà. Tèmi kì í padà mọ́. Láàárọ̀, mo ní láti fi ẹsẹ̀ jan pẹ́dà kó tó já, tó bá sì já, ọkọ̀ á ta síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún fọ́n oògùn sí i, ó da epo sí i. Ọjọ́ 9 ló fi dára. Ẹnì kejì fi sípíríǹgì kejì kún ti àkọ́kọ́. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, mo sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ṣe ló tún ba ọ̀ràn jẹ́, torí sípíríǹgì tó le jù máa ń fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò tí ọ̀pá náà ń yí nínú rẹ̀ á túbọ̀ máa jẹ. Àwọn méjèèjì ló ní kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ tí mò ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, ló fà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi kpayo sílẹ̀ lórí èyí. Nínú 205 GTI, ẹ̀yìn labalábá ni wọ́n ti ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì, epo kì í gba ara labalábá kọjá rárá. Èéfín olóròóró tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń pàdé eruku ọyẹ́ níbẹ̀, tó sì ń dì bí ọ̀dà.

Ìtòsí ọjà Wandó ni bàbá oníléètì yìí wà. Kò bèèrè irú epo tí mò ń rà. Ó tú wáyà, ó fi ìka méjì mú orí ọ̀pá náà, ó mì ín. Kọ́, kọ́, kọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé sípíríǹgì ni?"

"Ọmọ mi, ihò ni. Ihò ti di ẹyin. Sípíríǹgì wo ló máa sọ ẹyin di róbótó?"

Ó tú labalábá náà sílẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn kí n wò ó. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó yí etí àwo náà ká bákan náà ti di oṣù lé lápá òkè, kò sì sí rárá nísàlẹ̀. Níbi tí kò ti sí yẹn, ojú ilà kan hàn lára álúmí níbi tí àwo ti ń họ ọ́. Ibẹ̀ ló ń há sí.

Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ sàmì sí àwo náà kó má baà gbé e padà lódì, torí etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ti lu ìdí síkúrúù méjèèjì tó dè é pa kí wọ́n má baà tú, nítorí náà ó fi fáìlì rẹ ìdí wọn kó tó yí wọn. Ó fẹ ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè gún régé, ó ti òrùka idẹ sínú wọn, ó sì gé ọ̀pá tuntun torí ti àtijọ́ ti jẹ. Sefa 38,000 ni gbogbo rẹ̀, idẹ wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè bá yín ra àlòkù láti Faransé, àmọ́ ọjọ́ orí kan náà ni tiyín àti tọ̀hún.

Kí wá ni kò tẹ́ mi lọ́rùn? Ọjọ́ 3 ló dá, ọjọ́ 11 ló di. Mo gbé e délé, mo rí i pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dá síkúrúù méjèèjì padà lásán, kò fi gọ́ọ̀mù sí i, kò lu ìdí wọn. Tí ọ̀kan bá tú, inú ẹ́ńjìnnì ló ń lọ tààrà! Mo dá a padà, bàbá bínú sí ọmọ náà, wọ́n tún un ṣe lójú mi. Síkúrúù kékeré tó ń dá labalábá dúró kó má baà wọ ihò jù, wọ́n ti tú u jìnnà, ó tún há láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí, èmi fúnra mi ni mo yí i títí àwo fi bọ́ lára ògiri. Mo tún sún switch tó wà lórí ọ̀pá títí tó fi ń ró "tà" ní kété tí labalábá bá pa dé. Ralenti, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà, tó ti dúró sí 1,400 wá wálẹ̀ sí 900.

Oṣù 5 rèé. Ọyẹ́ kan ti kọjá lórí rẹ̀, mo ti gba Pọbẹ̀ lọ Kétu, mo bọ̀, pẹ́dà rọ̀ bíi ti tuntun. Mo fún un ní 4 nínú 5. Tí ọ̀pá yín kò bá mì, tó jẹ́ ìdọ̀tí nìkan ló dì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ ihò kankan, ẹ fọ̀ ọ́, ó tó. Ẹni tó bá sì ń kánjú, kó má lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn.

Wáyà àtijọ́ ṣì ni mò ń lò. Tuntun ti wà nínú búùtù, Sátidé ni mo máa pààrọ̀ rẹ̀.