Àyẹ̀wò DBS fún Òbí Tó Fẹ́ Gba Olùtọ́jú Ọmọ tàbí Tíṣà Sílé

Òbí tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wales, tó sì fẹ́ gba ẹnì kan sílé láti máa tọ́jú ọmọ rẹ̀ tàbí láti máa kọ́ ọ ní ìṣirò, kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ DBS (Disclosure and Barring Service) lẹ́nu àwọn òbí mìíràn. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni. Ọdún 2012 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun ló sì ń ṣe ìwé tó ń sọ bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ènìyàn lẹ́bi rí. Ojú òbí tó ń gba ènìyàn fúnra rẹ̀ ni mo fi yẹ iṣẹ́ wọn wò, nítorí pé irú òbí bẹ́ẹ̀ kò ní ilé ẹ̀kọ́ kankan tí yóò bá a wádìí.

Èyí tó rọrùn jù lọ nínú ìwé wọn ni Basic. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè béèrè fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £21.50 sì ni owó rẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2024. Mo yìn wọ́n fún ìrọ̀rùn yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà ń sọ kéré. Ẹ̀bi tí òfin ṣì kà sí ẹni náà lọ́rùn nìkan ló ń fi hàn. Èyí tí òfin ti gbà pé àkókò rẹ̀ ti kọjá kò ní hàn níbẹ̀. Kò sì ní sọ bóyá orúkọ ẹni náà wà lára àwọn tí wọ́n ti kà léèwọ̀ fún láti bá ọmọdé ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí òbí fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Irú ìwé wọn mìíràn tó jinlẹ̀ ju Basic lọ, ìyẹn Enhanced tó ní àyẹ̀wò orúkọ àwọn tí a kà léèwọ̀, ló ń sọ èyí, ó sì lè fi ohun tí ọlọ́pàá àdúgbò mọ̀ kún un. Òbí kò lè fúnra rẹ̀ béèrè fún un; ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí DBS ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń gbà kọjá.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ olùtọ́jú ọmọ ni ẹ ń wá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ọmọ níbẹ̀, ni èmi yóò kọ́kọ́ pè. Òfin kò fi ipá mú olùtọ́jú ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé òbí láti forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gba inú àyẹ̀wò Enhanced kọjá, ó sì ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ẹ má ṣe gba fọ́tò ìwé náà lórí fóònù. Ẹ ní kí ẹni náà mú ojúlówó wá, kí ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí rẹ̀ wé ti pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà jáde, nítorí pé DBS kì í kọ ọjọ́ tí ìwé yóò parí sí i lára. Ìwé ọdún mẹ́fà sẹ́yìn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tó kàn wá jù nìyí. DBS kò lè wo àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ gbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun, ìwé rẹ̀ lè mọ́ tónítóní láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti wádìí ìgbésí ayé rẹ̀ ṣáájú. Ó yẹ kó mú ìwé ẹ̀rí ìwà rere wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ibi tó ti gbé. Kì í ṣe ìwọ̀sí láti béèrè fún un, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ yín tàbí ọmọ ìlú yín.

Ohun tí ìwé kankan kò lè sọ ni bí ẹni náà ṣe ń ṣe sí ọmọdé. Òbí tí ẹni náà ti bá ṣiṣẹ́ rí ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pe òbí náà fúnra yín, kí ẹ bi í léèrè iye ọdún tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ nígbà náà, ìdí tí iṣẹ́ fi parí, àti bóyá yóò tún fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí bá falẹ̀, èmi kò ní gba ẹni náà, bí DBS rẹ̀ tilẹ̀ mọ́.