Àpótí Àlẹ̀mọ́ Táyà Kẹ̀kẹ́: Ṣé Ó Tó Mú Lọ sí Lokoja?

Láti Zuba dé Lokoja lórí kẹ̀kẹ́ ológeere (a kò sọ ti Maruwa o), ìrìn ọjọ́ méjì ni fún ẹni tí kò bá fẹ́ pa ara rẹ̀. Gwagwalada, Abaji, Koton Karfe, tírélà ló ń gba gbogbo rẹ̀, ibi tí tírélà bá sì ti ń gbà ni táyà ti ń bẹ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà tó bẹ́ yẹn máa ń tú sí ẹ̀bá títì. Kò hàn sí ojú, táyà kẹ̀kẹ́ ló máa ń rí i. Ẹni tó bá sì yà sórí ilẹ̀ láti sinmi lè pàdé dágunró, ẹ̀gún tí àwọn Hausa ń pè ní tsaido. Ohun tí wọ́n ní ó lè dá ogun ró, kí ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ lójú rẹ̀?

Àpótí tí a ń yẹ̀ wò yìí kò ní orúkọ ńlá kankan. Ike pẹlẹbẹ ni, irú èyí tó wà lórí tábìlì gbogbo ẹni tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́. Páàṣì rọ́bà wà nínú rẹ̀, àti sòlúṣọ̀n tí a ń fún bí ọṣẹ ìfọyín, irin ìha kan, àti ike méjì tí a fi ń ṣí táyà.

Irin ìha yẹn, ẹ sọ ọ́ nù. Ó rí bí èyí tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, tíúbù kẹ̀kẹ́ kò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gé sáńpépà tó fẹ̀ tó ìka méjì sí ipò rẹ̀. Páàṣì rẹ̀ onígun mẹ́rin ni, igun yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí bí táyà ṣe ń yí, nítorí náà ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e róbótó kí ẹ tó kúrò nílé. Sòlúṣọ̀n tí a bá ti lu ní tirẹ̀ máa ń gbẹ dànù, bí ẹ tilẹ̀ dé e pa. Kékeré méjì tí a kò tíì lu dára ju ńlá kan lọ.

Bí táyà bá jò, ẹ kọ́kọ́ fi báírò sàmì sí ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí fáàfù wà, kí ẹ tó yọ tíúbù. Àmì yẹn ni yóò sọ ibi tí ẹ ó ti wá wáyà nígbà tí ẹ bá rí ihò. Ẹ má fi ṣíbí ṣí táyà, etí rẹ̀ máa ń gé tíúbù, ihò kan á di méjì. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tíúbù, kí ẹ gbé e sún mọ́ ètè. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó ti ń fẹ́, ẹ da omi inú ọ̀rá sí i díẹ̀díẹ̀, yóò hó níbẹ̀.

Ihò kan lápá òde, wáyà tàbí ẹ̀gún ni. Ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò, afẹ́fẹ́ ni kò tó tí kẹ̀kẹ́ fi já sí kòtò. Èyí tó bá kọjú sí ríìmù, orí sípóòkì ló gún un. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà tó bo ríìmù ti yẹ̀.

Ẹ fi sáńpépà ha ojú ihò tíúbù náà títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, kí ibi tí ẹ ha fẹ̀ ju páàṣì lọ, kí ẹ wá fi sòlúṣọ̀n ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n rò pé gọ́ọ̀mù ni, pé kí a lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù. Rárá o. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó tó lè mú: nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, tàbí 2 sí 3 nígbà ọyẹ́ (ẹ fi ara bò ó nígbà náà, kí eruku má bà lé e). Bí omi rẹ̀ bá há sábẹ́ páàṣì, kò ní pẹ́ ṣí.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gan-an ni a fẹ́ràn jù nínú ọjà yìí. Ẹni tí inú ń bí kò lè dúró dè é. Oòrùn ń pa á, ìlú ṣì jìnnà, ẹ̀ẹ̀kẹta ọjọ́ náà nìyí, ó ṣáà fẹ́ kó parí. Á lẹ̀ ẹ́ ní tútù, á ṣí kó tó dé Abaji, ìbínú á wá di méjì. Ẹ wá abẹ́ igi kan jókòó, kí ẹ mu omi, kí ẹ jẹ kílíṣí tàbí dọ́ńkùwà tí ẹ gbé dání, kí ẹ kí àwọn tó ń kọjá. Tí ẹ bá ti ń fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́, sòlúṣọ̀n ti gbẹ nìyẹn.

Ẹ wá tẹ páàṣì mọ́ ọn láti àárín lọ sí etí, fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ìyẹ̀fun tí sáńpépà ha sílẹ̀ pa á lára kó má baà lẹ̀ mọ́ táyà. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi àkísà nu inú táyà yíká. Ẹ má fi ìka lásán ṣe é, wáyà yẹn kì í mọ ènìyàn. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí tíúbù kó tó wọlé, kí etí táyà má baà há a.

Ẹ lè ní kí ló dé tí ẹ kò fi lọ bá mai faci, fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọ̀yàyà rẹ̀ sì pọ̀ bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ pé “sannu da aiki”. Ṣùgbọ́n iná ló fi ń lẹ̀ ẹ́, iná tó bá ti mọ́tò mu lè jó ti kẹ̀kẹ́. Bí fáàfù yín bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní gbà á àyàfi tí ẹ bá ní idẹ kékeré tí a ń yí mọ́ orí rẹ̀. Ẹ dúró ti wíwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: táyà 26 × 1.95 kò fẹ́ ju 40 sí 50 PSI lọ.

Ihò tó bá wà ní ìdí fáàfù, àpótí yìí kò lè ṣe nǹkan kan sí i, tíúbù tuntun ni. Nínú máàkì 10, a fún un ní 7. Irin ìrinẹ̀gẹ́ yẹn ló jẹ mẹ́ta tó kù.